Ẹ Wá Bá Mi Bẹ̀ Yín

Kí n tó bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, torí mo mọ ara mi: bí mo bá fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, n ó díbọ́n pé mo ti gbàgbé. Òmùgọ̀ ni mí. Arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tí ìdí rẹ̀ tóbi ju làákàyè rẹ̀ lọ. Ìyìn ni wọ́n fi mú mi, bí ẹni fi ẹ̀pà mú ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn Àjọ Ilé-Ẹ̀kọ́ gbé mi jókòó sórí àga tó ń fún èèyàn lẹ́yìn fúnra rẹ̀, wọ́n gbé sóbò tútù lé mi lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó tín-ín-rín bí ọwọ̀ sì rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Mà, wọ́n ní kò sí ọ̀gá àgbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rù tó yín ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Orí mi wú. Ó wú títí gèlè fi fún mi. Ogójì ọjọ́ ni mo fi sọ̀rọ̀. Mo sọ èyí tó ṣẹlẹ̀, mo sọ èyí tí ì bá ṣẹlẹ̀, mo sì fo èyí tó ń tì mí lójú dá. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tẹ̀ka. Mo tẹ̀ka. Mo tún bèèrè bóyá sóbò ṣẹ́ kù.

Ibi tí mo fò dá yẹn ló wá bá mi nílé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ọdún kọkànlá tí ohùn mi ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ní ogójì ilé-ẹ̀kọ́.

Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo lọ́ ìró mọ́ àyà, mo ń fi òkúta ha gìgísẹ̀ mi, nígbà tí Ṣíjúwadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú mi. Mo kọ́ Ṣíjúwadé níwèé nígbà tí imú rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Nísinsìnyí ó ti lé lógójì ọdún, ó ti yọ ikùn, òun sì ni Ọwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Odò-Ẹ̀rìn. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú wà ní apá ọ̀tún rẹ̀ láti orí ìka títí dé ìgúnpá. Bí Ohùn, ohùn tèmi tó wà nínú ẹ̀rọ, bá pàṣẹ, ìbọ̀wọ́ á fún un mọ́ra. Bó bá ṣe iṣẹ́ náà tán, á dẹ̀. Mo rí i pé ó fún lọ́jọ́ yẹn. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn ìkànga.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Ṣíjú. Dìde, o ti fi ṣòkòtò ìjọba nu ilẹ̀." Mo sọ fún ẹ̀rọ omi pé kó dákẹ́. Ó gbọ́ ohùn mi, ó dákẹ́.

Kò dìde. "Mà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Ta lo ṣẹ̀?"

"Èmi kọ́, mà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kan ni. Ẹ̀yin lẹ bínú sí i."

"Èmi? Láti ìgbà tí mo ti jí, adìyẹ nìkan ni mo bínú sí."

"Kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí yìí, mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ni." Ó gbé ojú sókè, ẹrẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo wá bẹ̀ yín ni, kí ẹ wá bá mi bẹ̀ yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi só. Mi ò ní purọ́ fún yín. Adìyẹ pàápàá sá. Àmọ́ Ṣíjúwadé kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀.

"Kí lọmọ náà ṣe?"

"Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mà, èyí tí ògiri fi ń ka àwọn tó wá sí kíláàsì. Ó so ó mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn."

"Ewúrẹ́ wo?"

"Ewúrẹ́ kan tó máa ń jẹko lábẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn. Ọjọ́ mẹ́fà, mà. Ògiri ń kà á pé ọmọ náà wá. Ó tiẹ̀ fún un ní máàkì ìwà."

"Ó fún ewúrẹ́ ní máàkì ìwà?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í pariwo, kì í jà, kì í sì í bèèrè ìbéèrè."

"Kí ló gba máàkì kan yòókù lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó jẹ ìwé ẹnì kan."

Ẹ wò mí, mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo di ẹnu mú. "Níbo lọmọ náà wà ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Ìyá rẹ̀ bímọ, mà. Ìyá ìyá rẹ̀ kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wẹ ọmọ tuntun, kò sì sí ẹni tó lè gbé omi gbígbóná fún abiyamọ. Òun ló ń ṣe é. Títílọpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ohùn gbọ́ èyí?"

"Mo sọ fún un, mà. Ó ní, 'Kó ẹrù rẹ, máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ nínú ọgbà yìí mọ́ láéláé.' Bí agogo ọ̀sán bá dún lónìí, n ó fi ọwọ́ yìí pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri."

Ẹ̀yin náà mọ Òfin Orúkọ. Orúkọ tí wọ́n bá pa rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ kọ ọ́ fún ọdún méje. Ọmọ náà yóò ti di ẹni ọdún méjìlélógún. Ẹ̀yin ẹ ka àwọn tó padà lẹ́yìn ọdún méje fún mi. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n, ìka á sì ṣẹ́ kù.

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe nítorí òfin o. Nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni. *Kó ẹrù rẹ, máa lọ.* Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bí i. Mo tilẹ̀ mọ bí mo ṣe sinmi díẹ̀ kí n tó sọ "láéláé", kí ó lè dun àwọn ọmọ dé eegun.

"Ṣíjú, mélòó ni Ohùn ti lé báyìí lọ́dún yìí?"

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mẹ́sàn-án, mà. Ní ogójì ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún."

"O sì fi ọwọ́ yẹn pa orúkọ mẹ́sàn-án rẹ́?"

Ó fi ọwọ́ òsì bo ìbọ̀wọ́ náà.

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi nígbà tí ó jẹ́ ẹyọ kan?"

"Ẹ̀rù yín bà mí, mà."

Inú bí mi! Mo fẹ́ gbá a létí, mo rántí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀rù ọ̀hún, mo sì fẹ́ gbá ara mi létí. Mo wọ aṣọ, mo wé gèlè wíwọ́, mo sọ fún ọkọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni, kíá. Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ni; ó gbọ́ ohùn mi, ó gbéra.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un, ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀rọ.

"Ọmọbìnrin kan wà nígbà ayé mi tó fo ògiri lọ síta lóru," mo ní. "Mo dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ. Ilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fo ògiri mọ́. Ìyẹn ni mo sọ fún ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ lu àyà bí mo ṣe ń sọ ọ́."

"Gbogbo wa la mọ ìtàn náà, mà. Wọ́n fi kọ́ wa kí wọ́n tó fún wa ní ìbọ̀wọ́."

"O mọ ìdajì rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn tó dé géètì, mo ti rán Bàbá Ògúndélé, mẹ́séńjà wa, gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ilé wọn. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹni tí mi ò lè kọ̀ fún, kí wọ́n mú un wá bẹ̀ mí. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti dé, ìyá àgbà mẹ́ta àti ìyàwó pásítọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo fajú ro. Mo ní rárá. Wọ́n tún kúnlẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, 'Ó dáa, nítorí tiyín ni o.' Ọmọ náà wà ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ilé-ìwé sì rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ní ìyà, ìyà sì ní òpin."

Ṣíjúwadé ń wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àbúrò ìyá rẹ̀ ló bí i. "Ẹ̀yin lẹ máa ń ránṣẹ́ pe àwọn ẹlẹ́bẹ̀ síra yín?"

"Nígbà gbogbo! Kí lo rò? Ọ̀gá tó bá bínú láìṣí ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀, aṣiwèrè ni. Mo mọ ilé gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ mi. Mo mọ ta ni bàbá wọn ń bẹ̀rù, mo mọ ta ni ìyá wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Iṣẹ́ ọ̀gá àgbà gan-an nìyẹn, Ṣíjú. Igbe tí mo ń ké yẹn, orin lásán ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ?"

"Torí ojú ń tì mí! Ta ni í sọ pé òun ló ránṣẹ́ pe ẹni tó wá tu òun lójú? Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi bí ẹkùn. Wọ́n sì rí mi bí ẹkùn, àbí? Ogójì ẹkùn. Kò sí èyí tó ní Bàbá Ògúndélé."

Ọkọ̀ dúró níwájú ilé-ẹ̀kọ́.

Géètì mọ̀ mí. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ohùn," ló wí, ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwòrán mi wà lára ògiri ńlá tó dojú kọ pápá, èmi ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, ojú mi le bí èkùrọ́. Àwọn ọmọ tò sí ìlà lórí pápá. Ó tó irínwó ọmọ, kò sí èyí tó wúkọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn ń tàn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ní ẹnu ìlà pupa tó wà nítòsí géètì, ọmọbìnrin kan dá dúró pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo súnmọ́ ọn, mo rí osùn ní èékánná rẹ̀, ó ń rùn bí àdí àti ọmọ tuntun.

"Ìwọ ni Títílọpẹ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Ìwọ́ rẹ̀ já lánàá."

"Ta ló ń wẹ̀ ẹ́ lónìí?"

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ ẹ́.

Mo yí padà sí òpó tó wà láàárín pápá, níbi tí Ohùn ti ń sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ nu imú mi. Mo sì pariwo bí mo ṣe máa ń pariwo nígbà tí mo ṣì ní eyín.

"Ìwọ! Mo wá bá ẹ sọ̀rọ̀!"

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni Ohùn wí. Ẹ̀yin èèyàn, ohùn mi ni. Kì í ṣe ohùn gbígbẹ tí mo ní nísinsìnyí o. Ohùn mi àtijọ́ ni, èyí tó lè gé iṣu. "Agogo ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ẹ jókòó, kí ẹ wò ó bí a ti ń ṣe é."

"Jẹ́ kí ọmọ yìí padà sí kíláàsì."

"Mo ti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi kì í pé méjì."

"Ìyá rẹ̀ bímọ!"

"Bí a bá gba àwáwí ẹnì kan, a ó gba ti gbogbo ilé. Òkèèrè la ti ń wo igi gánganran."

"Má fi òwe mi lù mí! Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, mà. Ẹ̀yin ni mí."

"Irọ́ ni! Èmi ń jẹun, èmi ń ṣu, èmi ń sunkún bí aláboyún ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Ìwọ kò tíì gbé ọmọ kankan pọ̀n rí. Èmi kọ́ ni ọ́, àjẹkù mi ni ọ́!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín kan láàárín ìlà, kékeré, bí èkúté. Ohùn náà gbọ́ ọ. "Ìlẹ̀kẹ̀ ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin, máàkì méjì kúrò." Ẹ̀rín náà kú.

Mo rí i pé ìjà kò ní ràn án. Mi ò tíì rí ẹni tó bá mi jà tó borí mi nígbà ayé mi, báwo ni n ó ṣe borí mi nísinsìnyí? Ohun kan ṣoṣo ló máa ń borí mi. Mo ká ìró mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Orúnkún mi ọ̀tún, irin ni. Ilé-ìwòsàn ló fi sí i ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ní ẹnu bíi ti gbogbo nǹkan ayé yìí.

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀," ló wí. "Ìwúwo yín kọjá ohun tí mo lè gbà ní ìdúró yìí."

"Ìwúwo bàbá rẹ!"

"Màmá, mo ń kìlọ̀ fún yín."

Mo kúnlẹ̀. Ó dún *gbàǹgà* bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, ìrora gba ìtan mi lọ sí ẹ̀yìn, irínwó ọmọ sì rí Ìyá Ohùn lórí eékún lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́," mo ní. "Dákun. Nítorí tèmi. Nítorí abiyamọ tó wà nílé. Nítorí irun funfun orí mi. Dárí jì í."

Ohùn dákẹ́ fún ìgbà tó tó kí èèyàn ka mẹ́wàá. Ọkàn mi gbéra. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mí kanlẹ̀.

"Mo ti wo gbogbo ogójì ọjọ́," ló wí. "Mi ò rí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Kí ni ẹ̀bẹ̀ ń ṣe?"

Ẹ gbà mí. Mo ti bí ọmọ méje, mo ti sin ọkọ kan, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gún mi tó yẹn rí. Mo kọ́ nǹkan yìí ní igbe, mo kọ́ ọ ní òwe, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fajú ro. Mi ò kọ́ ọ ní ohun tí ọmọ ọdún méjì mọ̀, tó fi máa ń na ọwọ́ sí ìyá tó nà án.

"Ẹ̀bẹ̀ ni ìdajì kejì," mo ní. "Bí mo bá sọ pé kí ọmọ máa lọ, mo máa ń rán Bàbá Ògúndélé pé kí wọ́n wá bẹ̀ mí."

"Kò sí orúkọ yẹn nínú ẹ̀rí yín."

"Torí mi ò dárúkọ rẹ̀! Mo fi pamọ́!"

"Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ̀rí tí ẹ tẹ̀ka sí kì í ṣe òótọ́?"

"Mà!" Ṣíjúwadé ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi, ó di èjìká mi mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, torí ọ̀tún kì í ṣe tirẹ̀. "Mà, ẹ má dáhùn. Ẹ mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá parọ́ fún ẹ̀rọ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ohùn ni. Ọdún méjì. Kò sí ohun tó ní etí tí yóò gbọ́ ọ mọ́: ìlẹ̀kùn, ọkọ̀, ẹ̀rọ omi, títí kan orúnkún ara rẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan rí tó ń ṣe ẹ̀wọ̀n náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ nínú òjò, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tí wọn ò bí. Èmi tí mò ń bá àkàṣù ẹ̀kọ sọ̀rọ̀ kí n tó jẹ ẹ́! Ọdún méjì, ní ọjọ́ orí mi, ó lè jẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, mà," Ṣíjúwadé ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ti gbìyànjú. A ó kọ̀wé sí Àjọ."

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi tán pátápátá. Mo kọjú sí i lórí eékún mi.

"Ṣíjúwadé, ṣé o mọ ilé ọmọ yìí?"

"Rárá, mà."

"Ọdún mélòó ló ti wà lábẹ́ rẹ?"

"Mẹ́rin, mà. Àmọ́ èmi kọ́ ni ọ̀gá àgbà, Ọwọ́ lásán—"

"Àwọn mẹ́sàn-án tí o pa orúkọ wọn rẹ́ ńkọ́? O mọ ilé ẹnì kan nínú wọn? O sọ fún ìyá ẹnì kan pé kó wá bẹ̀bẹ̀? Ohùn ò ní ẹsẹ̀, ìwọ ní! Ohùn ò lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ìwọ lè gbà á! Àwọn Àjọ ọ̀hún sọ fún yín pé ìmọ̀ ìṣàkóso wà nínú àpótí kan, ẹ̀yin náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ó rọ̀ yín lọ́rùn kí ẹlòmíràn máa bínú fún yín. Èmi parọ́ fún ẹ̀rọ, ó burú. Ìwọ ti fi ọdún mọ́kànlá mọ̀ lọ́kàn rẹ pé nǹkan yìí kò tọ́, o wọ ìbọ̀wọ́ lé e. Ta ló burú jù nínú wa?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu ojú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta," ni Ohùn wí. "Mo tún bèèrè. Ẹ̀rí yín, òótọ́ ni àbí irọ́?"

Mo wo àwòrán mi lára ògiri. Ó wò mí. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn o, kí n má tàn yín. Kò tún sí ibì kan láyé yìí tí mo ti rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ni!" mo pariwo. "Èmi Morádékẹ́, mo parọ́! Mi ò lé ọmọ kankan rí tí mi ò ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá a padà. Ẹkùn ìwé ni mí. Gbogbo yín ẹ gbọ́ ọ! Ẹ̀rù tí wọ́n fi ń ṣe àkóso yín ní ogójì ilé-ẹ̀kọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ arúgbó onígbéraga kan ni!"

Àwòrán mi parẹ́ lára ògiri, ìwájú orí ló kọ́kọ́ lọ, ẹnu ló gbẹ̀yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ irínwó ọmọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Orúnkún mi ń sọ nǹkan lọ́wọ́, ó gé e sí méjì, ó dákẹ́. Mo pè é. Kò dáhùn. Ẹ̀wọ̀n mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìbọ̀wọ́ eérú yẹn ṣí fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ bí awọ ejò. Ṣíjúwadé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. Ó funfun, ó sì hunjọ, bí ọwọ́ ẹni tó ti fọṣọ láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ yọ lára ògiri níbi tí ojú mi wà tẹ́lẹ̀, Ṣíjúwadé kà á sókè: "Irọ́ ni ẹ̀rí, nítorí náà Ohùn ti dákẹ́. Òṣìṣẹ́ alààyè tó wà nípò gíga jù nínú ọgbà ni kí ó sọ̀rọ̀ kí agogo tó dún. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ dúró." Nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ìṣẹ́jú àáyá tó kù ń sáré: àádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Òun ni. Kò sí ẹlòmíràn. Irínwó ọmọ yí ojú sí i, òun náà yí ojú sí mi.

"Mà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ni kí n sọ?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo ní in lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ti tò sí ahọ́n mi, ó dùn, ó yanjú, òwe méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni n bá fi sọ ọ́, òun á tún un sọ bí ẹyẹ odídẹrẹ́, ọmọ náà á wọlé. Lọ́la, ọmọ mìíràn á tún so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ewúrẹ́, Ṣíjúwadé á tún wá dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ mi, yóò bi mí pé kí ni kí òun sọ. N ó ti tún kọ́ ẹ̀rọ kan, èyí tó wọ ṣòkòtò.

Mo fi eyín tó kù lẹ́nu mi há ahọ́n mi mọ́lẹ̀. Mo dákẹ́. Ó dùn mí ju orúnkún lọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ló tún wí. "Àkókò ti ń tán."

Àádọ́ta. Mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ní ẹnu ìlà pupa, Títílọpẹ́ fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn kọjá lára mi, ó dé iwájú ọkùnrin náà, ó sì kúnlẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí kò rí rí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?" ló wí. "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rí sí i?"